Etíòpurọ́ àti Ihò Kẹta

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé. Etíòpurọ́ ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má fi í wé àwọn mẹkáníìkì tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì o. Bí ọkọ̀ bá ti dákú tán, tí àwọn mẹkáníìkì yẹn ti káwọ́ lérí, ìgbà yẹn ni wọ́n ń tú bílọ́ọ̀kù, irin ńlá tó jẹ́ ìyá ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á gbé e wá fún un. Ihò mẹ́rin ló máa ń wà nínú irin náà, tí pístọ́ọ̀nù ń lọ sókè sódò nínú wọn láìsinmi. Etíòpurọ́ ló ń gbẹ́ ihò wọ̀nyẹn kí wọ́n lè tún dán, òun náà ló sì ń sọ bóyá irin ṣì nípọn tó láti sin ẹni tó ni ín, tàbí kó kúkú gba orí ààtàn lọ.

Òòlù kékeré kan ló fi ń dájọ́. Orí òòlù náà kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Á ki ọwọ́ bọ inú ihò, á kan ògiri rẹ̀ lókè, á kàn án láàárín, á kàn án nísàlẹ̀, á dijú, á dẹ etí sílẹ̀. Irin tó nípọn á dún gbìn-ìn, bí ẹni tó yó tó ń dáhùn ìkíni. Èyí tí ìpáàrà ti jẹ á dún ṣá-ṣá bí àwo tó ti là. Ẹ̀yìn ògiri ihò yẹn ni omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ń gbà kọjá, ojú kò sì lè débẹ̀. Ibi tí ojú kò bá dé, etí ló ń ránṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ tó gba orúkọ, ọmọ ogún ọdún ni. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ti fẹ́ gbé bílọ́ọ̀kù kan lé oníbàárà lọ́wọ́, ni ọmọ náà bá ní irin náà ti sán. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá fi kẹrosíìnì pa irin náà, ó nù ún, ó kun ṣọ́ọ̀kì sí i, nígbà tó ṣe díẹ̀, ìlà kan yọ lára ṣọ́ọ̀kì náà, tín-ín-rín bí irun orí. Ọ̀gá ní etí ọmọ yìí ò purọ́. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn, àwọn tó sì fi í rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ ń pè é kiri.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi síbí: orúkọ rere náà máa ń pa èèyàn. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ ní Alágbára, ẹnu wo ni yóò fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gbé ẹrù?

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń pariwo bí ẹni ya wèrè. Wọ́n ní kó máa fi nǹkan dí etí. Ó ní bí òun bá dí i, ta ni yóò bá òun gbọ́ ohùn irin? Ohùn ẹyẹ ojú fèrèsé ló kọ́kọ́ lọ létí rẹ̀. Ó rò pé àwọn ẹyẹ ló kó kúrò ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni omi tó ń hó lórí iná, lẹ́yìn náà ni fóònù, lẹ́yìn náà ni ohùn ìyàwó rẹ̀ láti yàrá kejì, èyí tó fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé Ọlọ́run ló ṣàánú òun. Ẹ̀fẹ̀ náà kò tọ́jọ́. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó kan irin kan, ó dijú, ó dẹ etí, nǹkan kan kò dún.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu. Á ní kí oníbàárà bọ́ síbi ìmọ́lẹ̀ kí òun lè rí i dáadáa, wọ́n á rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún wọn. Ó tún dá ọgbọ́n kan: bó bá ti ìdí sukudiráfà mọ́ egungun ẹ̀yìn etí, tó fi ẹnu sukudiráfà náà kan irin, díẹ̀ lára ohùn náà á gba inú egungun wọlé. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣe é lójú èèyàn. Etíòpurọ́ wo ni yóò máa fi sukudiráfà ti orí?

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọmọbìnrin náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, òun ló ń darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin nínú ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá ju ti ọkùnrin mẹ́ta lọ. Kò sọ pé òun mọ̀, bàbá náà kò sọ pé òun mọ̀ pé ó mọ̀. Ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí oníbàárà bá gbé irin dé, ọmọ á lọ dúró sẹ́yìn oníbàárà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti lè rí i. Bàbá á kan irin. Bí ohùn bá dára, ọwọ́ ọmọ á dúró jẹ́ẹ́. Bí kò bá dára, á nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò jókòó ṣèpàdé lé e lórí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, irin kankan kò sì dójú tì wọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí àbúrò rẹ̀ fi gbé bílọ́ọ̀kù tirẹ̀ dé.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì péré. Ọdún méje ló fi ju àbúrò náà lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì fi pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí àwọn òbí wọn kú tẹ̀léra. Òun ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Àbúrò yìí ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, iyanrìn àti òkúta ìkọ́lé ló fi ń gun òkè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun lọ́wọ́. Òkè náà ga. Ọkọ̀ rẹ̀ á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, àwọn ọkọ̀ míì á máa yà á sílẹ̀, àwọn awakọ̀ wọn á máa juwọ́ sí i bí ẹni tó ń dágbére fún òkú. Ẹni tó ń kọ́lé wá ní láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀, òun ò ní lo ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ, fún ọdún méjì gbáko, awakọ̀ tó bá sì lè gùn ún lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni òun máa mú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ti àbúrò. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù.

Ló bá wá tọ́bò kan rí. Ẹ̀rọ náà rí bí ìkarahun ìgbín, ìwọ̀n orí ọmọ ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi agbára ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì, kí iná tó ń jó nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè le sí i, kí ọkọ̀ lè gùnkè bí ọ̀dọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n iná tó bá le, ògiri ihò ni yóò gbà á mọ́ra, bí ògiri náà kò bá sì nípọn tó, yóò ya. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, á kọ́kọ́ ki sílíìfù bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni irin líle bíi páìpù kúkúrú tí wọ́n ń tì wọ ibẹ̀ láti fi ràn án lọ́wọ́. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń rọ sílíìfù tó bá irú ẹ́ńjìnnì náà mu, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì ń gbà. Kí wọ́n ki sílíìfù sí i kí iṣẹ́ bọ́, àbí kí wọ́n so tọ́bò mọ́ ọn bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tó gbé àbúrò wá nìyẹn.

Ẹni tó ta tọ́bò bá a wá. Ọkùnrin ẹlẹ́nu púpọ̀ ni, ó ní òun ti so ó mọ́ ọkọ̀ mọ́kànlá láìlo sílíìfù kankan, gbogbo wọn ló sì ń fò. Àbígbẹ̀yìn mú irin ìwọ̀n. Ó wọn ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní wọ́n ti gbẹ́ wọn fẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí kí Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ra ọkọ̀ náà, ó ní lójú tòun, kí wọ́n ki sílíìfù sí i, kí wọ́n wá iṣẹ́ míì. Olótọ́bò bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú ọmọ náà. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

“Ẹ kàn án fún mi, Bọ̀ọ̀dá,” ló wí. “Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ, abẹ gé e.”

Etíòpurọ́ mú òòlù. Ó kan ihò kìíní, ó la ojú díẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. Ó kan ìkejì, ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. Ó kan ìkẹta. Kò tíì wo ọwọ́ ọmọ náà tó fi rí i pé ẹnu ló là.

“Bàbá, ihò kẹta yìí ò dún bí àwọn tó kù.”

Háà. Ọdún méjì, kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ má bínú sí i o, ẹ̀mí àbúrò bàbá rẹ̀ ló rí lórí òkè yẹn, ó rò pé ọwọ́ nínù kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Olótọ́bò yíjú sí bàbá, ó bi í bóyá òun náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín burúkú kan wà létè rẹ̀.

Etíòpurọ́ tún un kàn. Nǹkan kan kò dún. Ó kàn án kíkankíkan, nǹkan kan kò dún. Sukudiráfà wà lórí tábìlì nítòsí ọwọ́ rẹ̀, kò ju kó nawọ́ mú un lọ. Ó wò ó. Ó rò ó pé bí òun bá ní ọmọ òun tọ̀nà, wọ́n á béèrè kí lòun ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Bí òun bá mú sukudiráfà, wọn ò tilẹ̀ ní béèrè mọ́. Àbúrò ṣì ń wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó máa ń bi í bóyá òjò máa rọ̀. Ìtìjú di ìbínú nínú bàbá yìí, ó sì gba ẹnu yọ.

“Nínú èmi pẹ̀lú rẹ,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀, “etí ta ni wọ́n ń pè ní Etíòpurọ́?”

Ọmọ náà dorí kodò. Bàbá gbé òòlù sílẹ̀. Kò tilẹ̀ kan ihò kẹrin.

“Ó nípọn,” ló wí. “Ẹ gbé e lọ.”

Ó ti parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló dé tí àbúrò kò fi gbọ́ ti ọmọ yẹn. Ẹ dákun, ẹni tó pọ̀n yín dàgbà sọ̀rọ̀, ẹ máa wá gba ti ọmọ rẹ̀? Olótọ́bò gbá àbúrò lẹ́yìn gbàgà, wọ́n gbé irin wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, Àbígbẹ̀yìn bọ́ síwájú bàbá rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì la ẹnu dáadáa, ó ní àwọn ṣì lè pè wọ́n padà. Bàbá rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò bọ́. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọkọ̀ gùnkè. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀meje nígbà míì. Àbúrò rí iṣẹ́ náà gbà, bó bá sì ń kọjá lówùúrọ̀, á fọn fèrè ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, á yọ orí síta, á na àtàǹpàkò sókè. Etíòpurọ́ kì í gbọ́ fèrè, ṣùgbọ́n ó ti mọ àkókò, á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà dè é. Lọ́sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà gbọ́ pé òun gbọ́ nǹkan lọ́jọ́ náà lóòótọ́. Ó ní gbìn-ìn ló dún. Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó fi ẹnu ṣe gbìn-ìn fún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n. Àbígbẹ̀yìn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kì í wá dúró sẹ́yìn oníbàárà mọ́, bàbá náà kò sì pè é.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè ni, lọ́sẹ̀ kẹrin. Kọ́nà méjì ló kù kí ọkọ̀ dókè, pẹ̀lú òkúta tó kún un dẹ́nu, nígbà tí ògiri ihò kẹta ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi tú wọ inú ihò, pístọ́ọ̀nù há, ẹ́ńjìnnì kú pátápátá. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú, bíréèkì á le bí igi lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà nísàlẹ̀, wọ́n ń jẹun. Àbúrò rí wọn nínú dígí, ó sì yí ìdarí sí ìhà àpáta. Ọkọ̀ dà lulẹ̀ lórí ìhà tó jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò kú. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló fọ́, àti itan méjèèjì. Dókítà ní yóò jókòó, yóò fi ọ̀pá méjì rìn bó bá yá, ṣùgbọ́n kó má retí àtitẹ kílọ́ọ̀ṣì wakọ̀ mọ́ láyé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Àbúrò kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé tọ́bò ni, tọ́bò burúkú ni wọ́n tà fún òun, pé ẹ̀gbọ́n òun kan irin náà lójú òun, ó sì nípọn. Ọ̀rọ̀ náà tàn. Wọ́n yẹra fún olótọ́bò bí ẹni yẹra fún iná, ó sì kó ọjà rẹ̀ kúrò ládùúgbò. Olótọ́bò ẹlẹ́nu ṣákálá ni, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tọ́bò rẹ̀ kò lẹ́bi kankan. Orúkọ Etíòpurọ́ kò ṣubú. Kódà, àwọn oníbàárà pọ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé, bàbá àti ọmọ ló jọ tú u. Etíòpurọ́ ti ìka bọ ihò kẹta, ó tọ ojú ibi tó ya náà. Kò nípọn ju èèpo ẹyin lọ. Ó tọ ọ́ lọ tọ ọ́ bọ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀, nínú ọ́ìlì. Wọ́n máa ń sọ pé bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ọkùnrin yìí. Àbígbẹ̀yìn bu omi fún un, kò mu ún. Ó ní àwọn máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun lọ́jọ́ kejì, òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún un.

Yàrá tí àbúrò dùbúlẹ̀ sí nílé rẹ̀ há. Dókítà ti ní kí àbúrò máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, bẹ́ẹ̀dì sì fara ti ògiri, tó fi jẹ́ pé ògiri ló ń kọjú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń wo àlejò. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá wà nílé, òun ló máa ń ràn án lọ́wọ́ láti yíjú díẹ̀. Ìyàwó náà ti jáde. Etíòpurọ́ ní kí ọmọ rẹ̀ má yí i, kó má bàa dùn ún. Mo rò pé kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ó rọrùn fún un láti bá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀.

“Àbúrò mi,” ló wí, “mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò ti gbọ́ ohùn irin mọ́. Ọmọ yìí ló gbọ́, mo sì pa á lẹ́nu mọ́ nítorí ojú ń tì mí. Tọ́bò kọ́. Èmi ni.”

Nígbà tó yá, Etíòpurọ́ rí i pé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀, lábẹ́ etí, bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ sí ògiri, kò kánjú, ó dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró. Etíòpurọ́ na ọrùn, kò rí ẹnu. Ó tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀dì dí i lọ́nà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó lè ní kó tún un sọ, ṣùgbọ́n èèyàn wo ló lè ṣe ohun tó ṣe fún ọmọ ìyá rẹ̀, kó tún ní kó sọ ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì? Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà títí tó fi dákẹ́. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Àbígbẹ̀yìn ń wo ilẹ̀, omijé ń kán sórí bàtà rẹ̀.

Wọ́n jáde. Wọ́n ti rìn dé ibi tí títì ti ya sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí Etíòpurọ́ tó dúró. Ó ti fẹ́ bi í láti ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kọjú sí oòrùn.

“Kí ló sọ?”

Ọmọ náà kọjú sí oòrùn bó ṣe ní kó ṣe, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì la ẹnu dáadáa kí bàbá rẹ̀ lè rí i.

“Kò sọ nǹkan kan, Bàbá.”

Bàbá wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù.